Títún dáàmù ìgbafẹ́ kan ṣe lọ́nà Ìdófìàn: ẹ̀yìn ògiri ni iṣẹ́ wà

Àlhájì tó ni ibẹ̀ kò pè wá nítorí ògiri. Táìlì ló fẹ́. Ó ní kí a wá fi táìlì tẹ́ ojú àkúnya, ìyẹn ọ̀nà tí omi àpọ̀jù ń gbà jáde kó má bàa gba orí ògiri dáàmù, kí a kọ́ ibi ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn àlejò lè máa wo omi bó ṣe ń dà, kí gbogbo rẹ̀ sì ti parí kí Iléyá tó dé. Oṣù Kejì la wà nígbà náà, ilẹ̀ ti gbẹ, èyí tó dára fún irú iṣẹ́ yìí.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ ni, kékeré ni. Ògiri rẹ̀ gùn tó mítà 90, gíga rẹ̀ níbi tó jìn jù kò ju mítà 4 lọ, orí rẹ̀ fẹ̀ tó kí ọkọ̀ kan gbà. Odò wẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n dí, irú èyí tó máa ń gbẹ ku òkúta bí ẹ̀ẹ̀rùn bá pẹ́. Kì í ṣe Dáàmù Àsà tí ará Ìlọrin ń mu omi rẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tí Yunifásítì Ìlọrin ní lórí odò Oyún. Ìgbafẹ́ lásán ni: ahéré oníkoríko, ẹja àrọ̀ yíyan, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà, àti ọmọ ilé ìwé rẹpẹtẹ bó bá di ọlidé. Ṣùgbọ́n bí adágún náà bá kún, mo ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi tọ́ọ̀nù omi 40,000, ògiri yẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo ló sì dá a dúró. Nísàlẹ̀ ògiri náà, oko ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀nà oko tó gorí páìpù kan kọjá, lẹ́yìn ìyẹn ilé.

Mo ní kí a kọ́kọ́ rìn lọ sẹ́yìn ògiri.

"Ẹnjiníà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, igbó ni," ni ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wí.

Òótọ́ ló sọ. Koríko bò mí dé èjìká. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀sùn, torí pé ẹ̀yìn ògiri tí ojú kò tó, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bó bá ń jò. A ní kí wọ́n fi àdá ṣán gbogbo rẹ̀ kí a tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa owó.

Ohun tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sọ

Bí wọ́n ṣe ń ṣán igbó lọ́wọ́, ìyá kan tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò nísàlẹ̀ wá kí wa kú iṣẹ́. Mo bi í bóyá omi máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ọ̀gá, láti òjò èṣí ni mi ò ti bomi rin ebè ìhín yìí mọ́," ó na ọwọ́ sí ìdí ògiri. "Ilẹ̀ ló ń bomi rin ara ẹ̀. A rò pé àánú Ọlọ́run ni."

A tẹ̀ lé e débẹ̀. Ilẹ̀ tutù, ewé rẹ̀ dúdú ju ti ibòmíràn lọ, nígbà tí gbogbo àyíká ti gbẹ tó ń la ẹnu. Láàárín ibi tó tutù yẹn ni mo ti rí i: ojú omi kan tí kò ju ẹnu ife lọ, tó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ láti ìsàlẹ̀, yanrìn kíkúnná sì ń jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó ń tò yí ẹnu ihò náà ká bí òkìtì èèrà. Bí mo bá fi ìka gbá òkìtì náà dànù, kì í pẹ́ tó fi tún tò.

Kò sí ògiri yẹ̀pẹ̀ tí kì í jò. Àwọn tó ń bẹ̀rù gbogbo ọ̀rinrin kò mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí à ń wò ni ibi tó gbà jáde, àwọ̀ rẹ̀, àti bóyá ó ń pọ̀ sí i. Bí omi tó ń jò bá mọ́ gaara, tí ìwọ̀n rẹ̀ ò sì yí padà, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ń gbé yẹ̀pẹ̀ jáde, inú ògiri ni yẹ̀pẹ̀ yẹn ti ń wá, ihò sì ń gùn lọ sínú láti ẹ̀yìn sí iwájú títí yóò fi kan adágún. Mo bu omi náà sínú ike omi kan tó mọ́, mo gbé e kalẹ̀ lórí òkúta. Nígbà tí a fi jẹun tán, ẹrẹ̀ ti sun sí ìdí ike náà, ó nípọn tó èékánná.

Ike yẹn ni mo gbé lọ fún Àlhájì. Mo sọ fún wọn nípa dáàmù Teton ní ìpínlẹ̀ Idaho lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà: ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1976, àárọ̀ ni wọ́n rí omi ẹlẹ́rẹ̀ tó ń jò lára rẹ̀, kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán ògiri tó ga ju mítà 90 lọ ti ya. Àlhájì ní tiwọn ò ga tó ìyẹn. Mo ní òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ tiwọn ò ní ẹ̀rọ tó máa kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé èló.

Ojú àkúnya, àti ọ̀rọ̀ àwọ̀n

Ká tó fọwọ́ kan ibi tó ń jò, a wọn ojú àkúnya. Mítà 4 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹni kan ti to búlọ́ọ̀kù ìlà méjì dábùú ẹnu rẹ̀ kí adágún lè fẹ̀ sí i, wọ́n sì ta àwọ̀n wáyà sórí búlọ́ọ̀kù kí ẹja má bàa lọ. Ewé àti ọ̀rá ti kún inú àwọ̀n náà. Lẹ́yìn ìyẹn, a fi rọ́bà olómi tí bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo orí ògiri láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àárín rẹ̀ ti rì ní sẹ̀ǹtímítà 25. Tí a bá ro gíga búlọ́ọ̀kù ìlà méjì yẹn mọ́ ọn, nǹkan tó yẹ kó ga ju ojú àkúnya lọ ní mítà 1.3 ti wá ku sẹ̀ǹtímítà 60 péré, níbi tí ògiri ga jù lọ gan-an. Bí omi bá máa gorí, àárín ló máa gbà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wá sínú adágún náà tó hẹ́kítà 150. Mo mú òjò líle tó rọ mílímítà 80 láàárín wákàtí kan, mo sì kà á pé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni yóò ṣàn, torí pé oko àti igbó ló pọ̀ lókè ibẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà kúbíìkì 11.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú àkúnya bí a ṣe bá a kò lè gbà ju 3 lọ kí omi tó gun orí ògiri, ká tó wá sọ ti àwọ̀n. Ògiri oníkọnkéré lè fara da kí omi gun orí rẹ̀. Ti oníyẹ̀pẹ̀ kò lè fara dà á: omi á máa gé e láti ẹ̀yìn wá, gé e, gé e, títí yóò fi já.

Àwọ̀n yìí ló dùn mí jù, nítorí pé ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Dáàmù South Fork ní Pennsylvania, oníyẹ̀pẹ̀ ni, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan ló fi ń gbafẹ́, wọ́n ń pa ẹja níbẹ̀. Wọ́n ta àwọ̀n sí ojú àkúnya kí ẹja má bàa lọ. Orí ògiri wọn rẹlẹ̀ ní àárín. Páìpù ìsàlẹ̀ tí wọn ì bá fi tú omi dànù, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kí ẹgbẹ́ náà tó gba ibẹ̀, wọn ò sì dá a padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtí dí àwọ̀n, omi gun orí ògiri, ó já. Ìlú Johnstown ló wà nísàlẹ̀. Ó lé ní 2,200 ènìyàn tó kú. Nígbà tí mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún Àlhájì, àwọ̀n, àárín tó rì, àìsí páìpù ìsàlẹ̀, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni.

Ó ṣì ku ọ̀rọ̀ ẹja. Fọ́ọ̀máànù wa, ọmọ Ìgbómìnà láti ìhà Òmù-Àrán, ló dá wọn lóhùn: "Àlhájì, odò kì í kún bo ẹja lójú. Àwọn tó bá fẹ́ lọ á lọ, ẹ̀yin ẹ ra ọmọ ẹja mìíràn." A bá wọn ṣe ọgbọ́n kan ṣá: adágún ẹja kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, lórí ilẹ̀ gidi, níbi tí wọ́n ti lè ta àwọ̀n bó ṣe wù wọ́n.

Omi níláti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa rọra lọ

Àwọn kan fẹ́ kí a gé ojú àkúnya jìn kí omi lè dà lọ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ògiri tó ti mu omi sára fún ọdún mélòó kan, omi adágún fúnra rẹ̀ ló ń tì í níwájú. Bí adágún bá sá lọ lójijì, omi tó wà nínú yẹ̀pẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ò dín kù, iwájú ògiri á wá ya lulẹ̀. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lójúmọ́ tí a jẹ́ kó máa rẹlẹ̀.

A gba páìpù rọ́bà tó nípọn, a rọ omi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, a dí ẹnu méjèèjì, a gbé e gba orí ògiri. Orí kan wọ adágún, orí kejì sọ̀kalẹ̀ lọ sójú odò nísàlẹ̀. Nígbà tí a ṣí méjèèjì, omi ń fa ara rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ, láìsí epo. Ẹnu inú omi ni a fi agọ̀n yí ká kí ẹja àti ọmọdé má bàa sún mọ́ ọn. Omi yẹn ń lọ tọ̀sán tòru, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ń gbà nínú rẹ̀ sí ebè wọn.

Gbòǹgbò

Nígbà tí omi ti rẹlẹ̀ tó, a wá wá ẹnu ihò níwájú. Kò pẹ́ púpọ̀: kùkùté dóńgóyárò kan wà lójú ògiri, wọ́n ti gé e tipẹ́, wọ́n fi ìdí sílẹ̀. Ẹni tó gbin igi sórí ògiri fẹ́ ibòji fún àlejò. Igi náà kò ṣe nǹkan kan nígbà tó wà láàyè. Ikú rẹ̀ ni wàhálà. A gbẹ́ ìdí kùkùté náà pẹ̀lú díígà, a tẹ̀ lé gbòǹgbò kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, ó kọrí sínú ògiri lọ sẹ́yìn. Inú rẹ̀ ti rà tán, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù, ó rí kọ̀ǹkọ̀ bíi páìpù. Fọ́ọ̀máànù ti ìka méjì bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ẹrẹ̀ tútù ló bo ìka rẹ̀, yanrìn kíkúnná kan náà tí a rí lẹ́yìn ògiri sì wà nínú rẹ̀. Ihò òkété kan tún pàdé gbòǹgbò yẹn ní ìdajì ọ̀nà.

Bíríkìlà wa ní kí a da sìmẹ́ńtì sí ẹnu ihò ẹ̀yìn kó parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ò sì fara mọ́ ọn rárá. Bí ẹ bá dí ẹnu ibi tí omi ti ń jáde lẹ́yìn, omi ò dúró, inú ògiri ló máa kún, yóò wá ọ̀nà mìíràn, ẹ̀yin ò sì ní mọ ibi tó gbà mọ́. Iwájú ni à ń dí. Ẹ̀yìn, à ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde, àmọ́ kó má gbé yẹ̀pẹ̀ dání.

Nítorí náà a gbẹ́ gbogbo gbòǹgbò náà, a gé ògiri ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn kí amọ̀ tuntun lè gbá ti àtijọ́ mú, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Amọ̀ tí a lò, a rí i nítòsí, nínú àbàtà kan tí àwọn amọ̀kòkò àtijọ́ ti ń gbẹ́ rí. A máa ń bù ú, a fún un ní àtẹ́lẹwọ́: bó bá dì mọ́ra tí kò sì fi omi sí ọwọ́, ó tó. Bó bá ń fọ́, ó gbẹ jù. Bó bá ń yọ̀, ẹ sá a sóòrùn. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 la ń tẹ́ lẹ́ẹ̀kan, róla ọlọ́wọ́ á gbá a títí gìgísẹ̀ bàtà ò fi ní wọ inú rẹ̀ mọ́, a ó wá fi díígà họ ojú rẹ̀ kí èyí tó kàn lè lẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ yìí ló gba sùúrù jù. Awakọ̀ típà fẹ́ kí a máa dà á ní òkìtì kan náà kí òun lè lọ tètè, mo ní kó jókòó jẹ gúgúrú.

Lẹ́yìn ògiri, níbi tí ilẹ̀ ti ń hó, a gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí ìdí rẹ̀. Yanrìn ṣàṣàrà tí a ti fọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ òkúta ńlá. Yanrìn kì í jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ ògiri kọjá, òkúta wẹ́wẹ́ kì í jẹ́ kí yanrìn kọjá, omi nìkan ló ń rí àyè. Páìpù kan tí a lu ihò sí lára wà láàárín rẹ̀ tó gbé omi náà lọ sí ojú kan ṣoṣo, níbi tí a ti lè gbé garawa sí i. Kó tó di pé a ṣe é, garawa lítà 10 ń kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí adágún tún kún padà, ó ń gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Igi tó kù lórí ògiri, a wú wọn tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Máńgòrò kan wà níbẹ̀ tí Àlhájì fẹ́ràn bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ dúró. A wú òun náà.

Fífẹ ojú àkúnya, màálù, àti ibi ìwẹ̀

Ojú àkúnya tuntun fẹ̀ ní mítà 10, lórí ilẹ̀ gidi ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lórí ògiri. Búlọ́ọ̀kù kúrò, àwọ̀n kúrò, orí ògiri ti dọ́gba padà pẹ̀lú àfikún díẹ̀ ní àárín nítorí pé yóò tún rì. Bí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 80 lójú ibẹ̀, yóò gba mítà kúbíìkì 12, sẹ̀ǹtímítà 50 yóò sì ṣẹ́kù kí omi tó kan orí ògiri. Kò sí táìlì. Òkúta tí a fi sìmẹ́ńtì dì ni, ó sì dára lójú ju táìlì lọ tí ẹ bá bi mí.

Màálù ti tẹ ọ̀nà méjì sójú ògiri bí wọ́n ṣe ń sọ̀ wá mu omi, òjò sì ti sọ ọ̀nà náà di gọ́tà. A jókòó pẹ̀lú àwọn Fúlàní tó ni wọ́n. Dídí wọn lọ́nà nìkan ò wúlò, wọ́n ṣáà gbọ́dọ̀ mu omi. A kọ́ ibi ìmumi oníkọnkéré nísàlẹ̀, omi tó ń jò jáde láti inú páìpù yẹn ló ń kún un, a wá fi ẹ̀gún dí ojú ògiri. Koríko bàhámà ni a gbìn bo gbogbo rẹ̀, torí pé gbòǹgbò rẹ̀ kì í nípọn bíi ti igi, a sì lè máa gé e mọ́lẹ̀ kí ojú lè tó gbogbo ibẹ̀.

Ní ti àwọn àlejò: ẹ̀wù ìléfòó kò gbọdọ̀ wà nínú sítọ́ọ̀ mọ́, ọrùn ni kó wà kí ẹnikẹ́ni tó gun ọkọ̀. Okùn pẹ̀lú àgbá tó léfòó wà káàkiri etí omi, àgbá tó ní àwọ̀ pupa sì dábùú ibi tí ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá sí ojú àkúnya. A kọ jíjìn omi sára òpó. A tún fa ewéko etí omi kúrò níbi tí àwọn ọmọ máa ń wọ̀, nítorí ìgbín omi kéékèèké ń gbé níbẹ̀, inú wọn sì ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde. Kò sí ilé ìgbẹ́ nítòsí omi tẹ́lẹ̀. Ó ti wà báyìí, torí bí ènìyàn ò bá tọ̀ sínú omi, kòkòrò yẹn ò ní rí ọ̀nà padà dé ọ̀dọ̀ ìgbín. Ọmọ ilé ìwé tó bá ti wẹ̀ níbẹ̀ rí tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, oògùn praziquantel wà fún un.

Òjò àkọ́kọ́

Iléyá bá wa nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àlejò wá, wọ́n jẹun, kò sí táìlì, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Òjò ńlá kan rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tó ní igbó ni tẹ́lẹ̀, ló gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wo ọ̀pá tí a fi àmì sí: sẹ̀ǹtímítà 22 ni omi ga lójú àkúnya. Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé garawa sí ẹnu páìpù, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Omi mọ́. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ báyìí, òun náà ní tiwọn, wọ́n sì ti jọ pinnu ibi gíga tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa sá lọ bí ó bá pè.

Ohun tó kù: koríko apá ìlà oòrùn ò tíì mú, a ó tún un gbìn. Páìpù tí à ń fi fa omi la fẹ́ sọ di ti gidi, tó ní fááfù, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀ràn bá dé la ó máa wá rọ́bà. Páìpù abẹ́ ọ̀nà oko nísàlẹ̀ kéré jù fún omi tí ojú àkúnya tuntun lè gbé wá. Àlhájì ti gbà láti fi méjì kún un, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ọjọ́ tí katapílà máa ráyè.